Ta Ni Yóò Pàdé Wọn Níbùdókọ̀?

  

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, Òkehò, Ìgbòho àti Kìṣí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé lókè òkun ni mo gbé wá lónìí. N ò ní sọ̀rọ̀ físà, torí ọ̀rọ̀ físà ti sú gbogbo wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn físà ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ti sin ọmọ dé pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ti gbàdúrà sí i lórí, ọkọ̀ ti gbé e, ó ti balẹ̀. Ta ló ń dúró dè é lọ́hùn-ún? Orí ibùsùn ta ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Ta ni yóò fi ibi tí wọ́n ti ń ra iyọ̀ hàn án? Ta ni yóò sọ fún un pé láti ọdún 2014 ni ọkọ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, pé káàdì ni wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀? Ìwé tí yunifásítì fi gbà á wọlé kì í dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tán. Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò fara balẹ̀ kàwé, tàbí yóò máa sunkún sínú fóònù lóru.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ń jẹ́ Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọdún 1922 ló débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rédíò, ẹ gbọ́ èyí: nínú oṣù kẹfà ọdún 1924, ọkùnrin yìí sọ Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa tá a ń jẹun nídìí gbohùngbohùn lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ la tò sí. Àmọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń gba orí afẹ́fẹ́ kọjá yìí, àtijẹ àtimu le fún un. Ó ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ti ilé gbígbé ló wá burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú á kanlẹ̀kùn, ìyá onílé á yọjú, á wò ó tòkè tilẹ̀, á ní yàrá ti tán. Bébà tí wọ́n fi kéde yàrá náà ṣì wà lójú fèrèsé, wọn ò tíì já a.

Ṣólàńkẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Dókítà Herbert Bankole-Bright tó jẹ́ ọmọ Sàró, dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Ẹni tó bá ka ìtàn WASU nínú ìwé, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló máa pọ̀ jù níbẹ̀: ìjà òmìnira, ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Kwame Nkrumah. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lé lójú méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé, ibi tí èèyàn ti lè rí yàrá sùn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọ̀ ara rẹ̀, tó ti lè rí ìwé ìròyìn ilé kà, tó sì ti lè jẹ oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1928, Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà nì, yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní West Kensington, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyẹn fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ni Ṣólàńkẹ́ bá wọkọ̀ ojú omi padà wá sílé ní 1929. Títí di 1932, kiri ló ń kiri: Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sàró, Gáḿbíà. Ó ń tọrọ owó ilé lọ́dọ̀ ọba, lọ́dọ̀ oníṣòwò, lọ́dọ̀ olùkọ́. Ẹ sáà rò ó wò: ẹni tó lọ kọ́ òfin gbé ìwé òfin jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tọrọ owó yàrá fún àwọn ọmọ tí ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ní 1933, ilé ṣí. Nọ́ńbà 62, Camden Road, ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó Ṣólàńkẹ́, Ọpẹ́olú, tó bá a láti ilé dé, ni mátíróònù ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níhìn-ín, torí àwọn òpìtàn sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá láìwọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti inú òtútù wọlé síbẹ̀ lálẹ́ á rí ẹni tó máa kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé. Á bá ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà tó lata. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa bi í pé kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí. Àwọn tí kò gbé inú ilé náà pàápàá ń wá síbẹ̀ wá jẹun, wá jó, wá jiyàn. Wọ́n tún kó lọ sí ilé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Camden Square ní 1938. Nígbà tí ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1941, ọ̀dọ̀ wọn ni Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti wá sọ ọ́ pé àdéhùn òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde kan gbogbo ẹ̀yà èèyàn. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ látorí pé wọn ò rí yàrá sùn ló di ẹni tí ìjọba ń wá bá sọ̀rọ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kúkú sùn. Ní 1934, wọ́n ṣí ilé tiwọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Doughty Street. Wọ́n fi orúkọ Aggrey sọ ọ́, olùkọ́ ńlá ọmọ Gold Coast tó kú ní 1927. Ilé tó dára ni, àga wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n WASU kọ̀yìn sí i. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ńṣe ni ìjọba fẹ́ kó àwọn jọ síbi kan kó lè máa ṣọ́ àwọn. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé ní 1940, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ òṣèlú tí àwọn ọmọ ń sọ níbẹ̀ kò bá ìjọba lára mu mọ́, wọ́n ti Aggrey House pa. Ti Camden Square ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún, àlejò ni, bí oúnjẹ náà ti wù kó dùn tó. Ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná, tó lè se tirẹ̀, tó lè bu fún ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ti délé. Ìrànlọ́wọ́ tí kò bá fi ọwọ́ ọmọ náà sí i, ó lè yó o, kò lè mú un fìdí kalẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ìtàn tiwọn. Ní 1909, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Harry Edmonds ń gun àtẹ̀gùn ilé ìkàwé Yunifásítì Columbia ní New York. Ó pàdé ọmọ Ṣáínà kan, ó kí i pé ẹ káàárọ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà dá a dúró. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òun ti dé ìlú yìí, Edmonds lẹni àkọ́kọ́ tó máa bá òun sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ní Ìsẹ́yìn níbí, tí o bá jí kúrò nílé lọ sọ́jà, kí o tó dé ibi tó o ń lọ ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro ọ́ fún ìkíni. Edmonds délé, ó rò fún ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì wá jẹun nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó yá, ilé kò gbà wọ́n mọ́. Rockefeller kékeré, ọmọ olówó epo, ló gbé owó kalẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ International House ní Riverside Drive, tó ṣí ní 1924. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ lè rántí ọkọ̀ ojú omi Aureol tó máa ń ná Èkó sí Liverpool. Láti 1950, British Council ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ ìgbé ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lọ́wọ́. Wọ́n á pàdé ọmọ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n á fi í sínú rélùwéè, wọ́n á wá ilé fún un, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ṣílè sínú ẹ̀rọ gáàsì kí yàrá tó lè móoru. Ṣílè bá tán lóru, òtútù ló kù. Mo gbóṣùbà fún wọn ní tiwọn.

Ìrànlọ́wọ́ kan wà láyé ìgbà náà tó ní ẹ̀gún nínú. Bàbá ń kàwé, ìyá ń kàwé tàbí ó ń ṣiṣẹ́ òru, ọmọ jòjòló ń bẹ nílẹ̀, kò sí ìyá àgbà tí yóò pọ̀n ọ́n. Láti bí ọdún 1955, wọ́n ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá òyìnbó tó máa bá àwọn tọ́mọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dàgbà. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere. Àwọn mìíràn dàgbà tán, wọn ò gbọ́ ohun tí ìyá tó bí wọn ń sọ. N kò dá àwọn òbí náà lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n lò.

Tòde òní ńkọ́? Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà nìkan jẹ́ 20,029, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó ní tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tìlú Gẹ̀ẹ́sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yunifásítì náà ti gbọ́n. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbé bọ́ọ̀sì lọ sí Heathrow, àwọn ọmọ tó ti wà nílé-ìwé tẹ́lẹ̀ á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, wọ́n á gbé pátákó orúkọ ilé-ìwé lọ́wọ́, wọ́n á máa kó àwọn ẹni tuntun jọ. Àwọn kan ń ta ìdìpọ̀ ìbora, ìrọ̀rí àti ìkòkò kékeré tí wọ́n á ti gbé sínú yàrá kí onítọ̀hún tó dé. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ẹni tó bá ti dé yàrá ní aago mọ́kànlá òru tó bá bẹ́ẹ̀dì lásán, á mọ ìyì ìrọ̀rí.

Àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tí ọmọ kì í mọ̀ pé òun ní bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Owó ìtọ́jú ìlera tó san mọ́ físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ti sanwó dókítà sílẹ̀. Kò yẹ kó máa fi ibà sùn nínú yàrá nítorí ẹ̀rù owó. Kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí àìsàn bá dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé lójoojúmọ́ kì í san owó-orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax, ṣùgbọ́n ó ní láti gba ìwé ẹ̀rí nílé-ìwé kó fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé gbèsè á máa tọ̀ ọ́ wá. Wákàtí ogún lọ́sẹ̀ ni òfin fún ọ̀pọ̀ wọn láti fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ẹni tó bá tàn án pé kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti físà àti ìwé ló fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ló wá kù. Lónìí òfin kò gbà kí ìyá onílé wo àwọ̀ ara mọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè onídùúró: ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó máa fọwọ́ síwèé pé bí ọmọ kò bá rówó san, òun á san án. Níbo lọmọ Ìgbòho ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Báńkì náà, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún un, wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ń gbé. Onílé sì fẹ́ mọ báńkì tó ń lò. Ó di kí ọmọ máa lọ kó máa bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti oúnjẹ, torí Òkè-Ògùn ló ń sọ̀rọ̀. Èlùbọ́ wa máa ń rìn jìnnà. Iṣu tí ìyá kan bẹ ní Ìgbòho, tó bọ̀ lómi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó sá sórí àpáta nínú ọyẹ́ títí ó fi gbẹ dáadáa, tí wọ́n gbé lọ lọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, lè bára rẹ̀ nínú ọ̀rá lórí àtẹ ní Rye Lane, ní Peckham, lápá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàárín gààrí àti ata gbígbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gẹrun, ibẹ̀ ni èèyàn ti lè dúnàádúrà títí olójà á fi bínú. Ọmọ tó ń kàwé ní ìlú tí kò nírú ọjà bẹ́ẹ̀ á wọkọ̀ ojú irin tìtorí àmàlà, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ yóò bá rìn, gbogbo ilé á rọ̀gbà yí báàgì ká. Ìyá á ti di èlùbọ́ sínú ọ̀rá méjì, á fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ pa, á tún fi ìró wé e. Ẹ̀gbọ́n á gbé báàgì kọ́ ẹnu ìwọ̀n. Kílò mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń gbà fún báàgì kan, ìwọ̀n á ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù. Kì í ṣe èlùbọ́ ni wọ́n ń yọ o. Bàtà ni, ìwé ni. Mo bá ìyá wí ná, kí ẹlòmíràn tó bá a wí: ẹran, pọ̀nmọ́ àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, ì báà ṣe díẹ̀, ì báà gbẹ. Aṣọ́bodè á gbà á, á dà á nù. Ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wàrà tí Fúlàní ṣe ní Ṣakí, kí ọmọ jẹ ẹ́ ní àjẹyó kó tó kúrò nílé.

Ti irun tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, mi ò fi ṣeré. Ọmọbìnrin tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun nílé kò ní pẹ́ di gbajúmọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Gánà á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà á máa dúró dé àyè, ìròyìn iṣẹ́ àti ìròyìn ilé á sì máa ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì. Ọ́fíìsì tí yunifásítì yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kò lè ṣe ìdajì ohun tí àga onírun yẹn ń ṣe.

Owó kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Kí naira tó já nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Òbí tó ti kó owó ọdún kan jọ rí i pé owó náà kò tó ti oṣù mẹ́rin mọ́. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Teesside, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde fi ẹ̀hónú hàn torí pé wọ́n yọ àwọn kan lára wọn kúrò nílé-ìwé tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, nítorí owó ilé-ìwé tí wọn kò tètè rí san. Irú ìgbà báyìí lọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ máa ń gbilẹ̀. Màmá kan ní Ṣakí á gba naira lọ́wọ́ rẹ, ọmọ màmá náà á fún ọmọ tìrẹ ní pọ́n-ùn ní Leeds. Bí ẹ bá mọ ara yín délé, ó dára, ó yá. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí tó wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp lánàá, ẹ sá fún un. Owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kó gba báńkì kọjá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form A, bó ti wù kó falẹ̀ tó.

Àmọ́ o, òkèèrè kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Àwa níhìn-ín, ẹnu bodè la wà. Láti Ṣakí, èèyàn lè gba Okerete wọ orílẹ̀-èdè Benin. Yunifásítì ìjọba wà ní Parakou láti 2001. Àwọn ọmọ wa sì pọ̀ ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ lè gbọ́ Yorùbá lọ́jà, kó sì rò pé òun kò kúrò nílé, títí yóò fi dé kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni. Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tí ń wọ ẹ̀wù ofeefee ní Kútọnu, á ti mọ̀ látẹnu rẹ̀ pé àlejò ni, á sì fowó lé owó. Ẹni tó máa kọ́ ọ ní iye tí wọ́n ń san, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ibẹ̀ gan-an la ti rí ohun tí àìsí amọ̀nà ń fà. Lópin ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dáwọ́ àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tó fi ọdún mẹ́ta jìyà kàwé níbẹ̀ tòótọ́ wá bá ara wọn nínú ìtìjú tí wọn kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà tí òbí lè pè láti Òkehò kó béèrè pé, ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé báyìí, ṣé ó wà lóòótọ́, ṣé ẹ ti fojú rí i, ọ̀pọ̀ owó ni ì bá wà nínú àpò ẹni tó ni ín.

Ẹ má jẹ́ ká máa wo ìta nìkan. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń bẹ lọ́dọ̀ tiwa náà. Pólì Òkè-Ògùn tó wà ní Ṣakí ti dá dúró fúnra rẹ̀ láti 2014. Yunifásítì LAUTECH ti gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn ní 2022. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè wa, tí àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá rárá, ń wá yàrá gbà lọ́wọ́ wa. Báwo la ṣe ń ṣe sí wọn? Mo mọ onílé tó máa ń gbé omi kànga fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì máa ń mú un lọ fojú han àwọn ará ilé. Mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ ni wọ́n fi ìlọ́po méjì kún owó yàrá. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Àwòkọ́ṣe kò jìnnà sí wa. Ní Ìsẹ́yìn kan náà, Dókítà Wálé Òkédìran, oníṣègùn àti òǹkọ̀wé ọmọ bíbí ìlú náà, dá ilé àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní 2010, ó fi orúkọ òkè Ẹ̀bẹdí sọ ọ́. Àwọn òǹkọ̀wé láti Nàìjíríà àti láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀, kí wọ́n lè rójú kọ ìwé wọn parí. Apá kan wà nínú ètò náà tí mo fẹ́ràn ju yàrá ọ̀fẹ́ lọ: wọ́n máa ń rán àlejò lọ sáàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìlú, kó lọ kọ́ wọn ní ìwé kíkọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn á máa pe àlejò ní ọ̀gá lójú títì. Àlejò á lọ ra àkàrà, alákàrà á béèrè pé ìwé yẹn ti tó ojú ewé mélòó. Ẹni tí wọ́n ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti di ará ilé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lókè òkun wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí fọ́tò ayẹyẹ yín. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lẹ fi ṣe aṣọ ẹbí, ó wuyì. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹnì kan nínú yín gba nọ́ńbà fóònù tí kò ní máa yí padà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà síbi tí àwọn òbí ti lè rí i ní ààfin, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kí yàrá kan wà, ì báà ṣe pálọ̀ ẹnì kan, tí ọmọ lè sùn fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó rílé. Kí àwọn tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ láàárín yín jọ ronú bí ẹgbẹ́ ṣe lè máa ṣe onídùúró fún ọmọ ìlú, kó má di ẹrù ẹnì kan. Kí ẹ sì tètè fi iṣẹ́ lé ọmọ tó dé lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ lọ pàdé ní Heathrow lọ́dún yìí, òun ni kó gbé pátákó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń rìn ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má dúró de ẹgbẹ́ kankan. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo nílùú tí ọmọ ń lọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó gbéra ní Ṣakí, kó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà, torí bátìrì fóònù máa ń kú lọ́nà.